Àkísà Àgbà, Aṣọ Ọmọdé: Ìhà Tí Àwọn Agbágéèmù Kọ sí Ìtàn Àárò Nínú Géèmù Ajalèlókun Sea of Thieves, àti Ohun Tí Ó Kọ́ Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A sábà máa ń lo òwe yìí láti rán ọmọdé létí ipò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ yí ojú òwe náà padà díẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun ló mọ ọjọ́ tí òun rà á, òde tí òun wọ̀ ọ́ lọ àti ẹni tó yìn ín. Bí ó bá wá gbé àkísà rẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́ pé kí inú ọmọ náà dùn sí i, ó yẹ kí ó rántí pé ohun tí òun ń rí lára aṣọ náà kò hàn sí ọmọ yẹn rárá.

Géèmù orí ẹ̀rọ kan ló mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Mo jẹ́wọ́ pé n kì í ṣe agbágéèmù. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbí, ní agbègbè Àbújá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kubwa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ń gbá géèmù ajalèlókun kan tí wọ́n ń pè ní Sea of Thieves ní pálọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ, ẹnjiníà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ń ka ìwé ìròyìn tirẹ̀. Bí orin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú géèmù náà báyìí, ọ̀rẹ́ mi ju ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ó bi ọmọ náà pé, "Ibo lo ti rí eléyìí?" Ó ní òun gbá géèmù tí orin náà ti wá lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bàbá òun ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí íntánẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò wọn. Ó fa àga súnmọ́ ọmọ náà. Ó ń dárúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn kí wọ́n tó yọjú, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó padà dé ilé bàbá rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ náà kọjú sí mi. Ó ní, "Àǹkù, ó dára o. Ṣùgbọ́n ibo ni àwọn yòókù wà?"

Ìbéèrè ọmọ yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn agbágéèmù lórí irú ìtàn àárò báyìí kì í ṣe ìjà láàárín ẹni tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ àti ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá ìtàn náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìrántí kankan nípa rẹ̀. Àwa tí a ń fi ìwé D. O. Fágúnwà kọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá wà nínú ọ̀ràn kan náà.

Irú Géèmù Tí Sea of Thieves Jẹ́

Ilé iṣẹ́ Rare, tó wà ní Twycross ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe Sea of Thieves. Microsoft gbé e jáde ní ọjọ́ 20, oṣù Mááṣì, ọdún 2018. Ènìyàn kan títí dé mẹ́rin lè wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ náà: ẹnìkan á di ìtọ́kọ̀ mú, ẹnìkan á ta ìgbòkun, ẹnìkan á wà nídìí àgbá, ẹnìkan á sì máa gbọ́n omi jáde bí ọkọ̀ bá lu. Àwọn atukọ̀ wọ̀nyí á wá ìṣúra lọ sí erékùṣù, wọ́n á hú u jáde, wọ́n á sì gbé e lọ sí èbúté láti tà á. Kí wọ́n tó dé èbúté, ọkọ̀ mìíràn lè yọ sí wọn lójú òkun, kí ó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ènìyàn gidi ló sì wà nínú ọkọ̀ kejì yẹn, ó lè jẹ́ láti Bràsíìlì tàbí Jámánì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Nínú géèmù yìí, idà ẹni tó ti ń gbá a láti ọdún 2018 kò mú ju ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá lọ. Àgbá wọn dọ́gba. Aṣọ àti ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ nìkan ni àgbà fi ju ọmọdé lọ. Ó jọ ayò ọlọ́pọ́n wa. Ihò méjìlá ni, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀tá àti òpè jọ ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà ni. Ohun tó ń sọ ayò di tuntun lójoojúmọ́ ni ẹni tó jókòó ní òdìkejì ọpọ́n. Bí a bá gbé ẹni yẹn kúrò, ọpọ́n ṣì wà, ọmọ ayò ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí ayò mọ́.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Épírìlì, ọdún 2019, nígbà tí géèmù náà pé ọdún kan, Rare fi ohun tí wọ́n pè ní Tall Tales kún un. Ìrìnàjò onítàn ni ìwọ̀nyí. Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, àdììtú wà nínú wọn, ẹ̀dá ìtàn sì ń sọ̀rọ̀. Ojú òkun gbogbogbò ni wọ́n ti ń wáyé nígbà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn lè ṣàdédé já lu ẹni tó wà láàárín ìtàn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Júùnù, ọdún 2021, ni A Pirate's Life dé, èyí tí Rare àti Disney jọ ṣe láti inú fíìmù Pirates of the Caribbean. Púpọ̀ nínú ìyẹn ti kúrò lójú òkun gbogbogbò. Nígbà tí The Legend of Monkey Island dé ní ọdún 2023, wọ́n gbé ìtàn náà sí àyè ọ̀tọ̀ pátápátá níbi tí ọkọ̀ ẹlòmíràn kò lè dé. Ohun tí ọmọ Kubwa yẹn ṣe bèèrè "àwọn yòókù" nìyẹn.

Ìtàn Tí Wọ́n Mú Padà

Ọdún 1990 ni ilé iṣẹ́ Lucasfilm Games gbé The Secret of Monkey Island jáde. Ron Gilbert ló ṣe olórí àwọn tó kọ ọ́, pẹ̀lú Tim Schafer àti Dave Grossman. Gilbert fúnra rẹ̀ ti sọ pé eré ajalèlókun tí àwọn ènìyàn ń wọkọ̀ wò ní ọgbà Disneyland wà lára ohun tó mú òun ronú géèmù náà. Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan ni, Guybrush Threepwood, tó dé erékùṣù Mêlée pẹ̀lú ìpinnu pé òun fẹ́ di ajalèlókun. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò mẹ́ta: kí ó fi idà borí ọ̀gá onídà, kí ó jalè, kí ó sì wá ìṣúra rí.

Kò sí ìkánjú nínú géèmù àtijọ́ yìí. Ẹni tó ń gbá a á máa rìn káàkiri, á máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á ṣa oríṣiríṣi nǹkan sínú àpò, á sì máa ronú ohun tó lè fi wọ́n ṣe. Gilbert kò fẹ́ràn kí ikú máa pa agbágéèmù lójijì, nítorí náà Guybrush fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kú rárá. Ẹ̀rù kọ́ ni ìgbádùn ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ àti àdììtú ni.

Apá tí àwọn ènìyàn rántí jù ni ìjà idà tí a ń fi èébú jà. Ọ̀tá á bú ọ, ìwọ náà á wá èsì tó bá èébú náà mu gẹ́lẹ́. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá mú ló ń borí, kì í ṣe ẹni tí apá rẹ̀ le. Guybrush á máa kọ́ èébú àti èsì lọ́wọ́ àwọn ajalèlókun tó bá pàdé lọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé iwájú ọ̀gá onídà, èébú tí ìyẹn ń lò yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí ó ti kọ́. Àwọn èsì àtijọ́ náà ló gbọ́dọ̀ lò, kí ó wá èyí tó bá èébú tuntun mu. Ẹni tó há a sórí lásán kò lè yege. Ẹni tó mọ ìdí tí èsì fi bá èébú mu ló lè lò ó. Ọmọ Yorùbá tó mọ òwe pa kò ní pẹ́ lóye èyí, nítorí bí òwe ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Òwe kan náà la ń pa, ọ̀rọ̀ tó pè é ló ń yàtọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, Rare mú Mêlée wọ inú Sea of Thieves. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín ìtàn náà sí. Àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 20, oṣù Júláì, ọdún 2023, èkejì ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta sì ní ọjọ́ 28, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Dominic Armato, ẹni tó ti ń fọhùn fún Guybrush láti ọdún 1997, ló tún fọhùn fún un. Nínú ìtàn tuntun yìí, Guybrush àti ìyàwó rẹ̀, Elaine, ń gbádùn ìsinmi ìgbéyàwó nígbà tí ọ̀tá wọn àtijọ́, LeChuck, ajalèlókun tó ti kú tí kò sì sinmi, ta wọ́n lọ́fà. Ó há Guybrush mọ́ inú àlá. Nínú àlá náà, gbogbo Mêlée ń yìn ín gẹ́gẹ́ bí akọni ajalèlókun. Ohun gbogbo dùn, ohun gbogbo rọrùn, kò sì mọ̀ pé àlá ni. Iṣẹ́ agbágéèmù ni láti jí i.

Ìhà Tí Àwọn Agbágéèmù Kọ sí I

Ohùn àwọn agbágéèmù kò ṣọ̀kan lórí ìtàn yìí. Bí mo ṣe fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ìhà mẹ́rin ló hàn sí mi.

Ìhà kìíní ni ti àwọn bí ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ti mọ Mêlée rí. Láyé àtijọ́, àwòrán pẹlẹbẹ ni erékùṣù náà lójú kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, wọ́n lè rìn wọ inú ilé ọtí ibẹ̀, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n wo òṣùpá láti etíkun. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ̀bùn ni.

Ìhà kejì ni ti àwọn tí wọn kò mọ Mêlée rí ṣùgbọ́n tí inú wọn dùn pé àyè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gba ohun ìní wọn. Àwọn òbí tó ń bá ọmọ kékeré gbá géèmù wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń dá nìkan tukọ̀. Ìfẹ́ wọn kì í ṣe ìfẹ́ kékeré. Ní ìparí ọdún 2023 yẹn kan náà, Rare ṣí àyè kan tí wọ́n pè ní Safer Seas, níbi tí ènìyàn ti lè tukọ̀ láìsí ọ̀tá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ibẹ̀ kéré sí ti òkun gbogbogbò.

Ìhà kẹta ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí ọ̀tá tí a kò mọ ìgbà tó máa yọ ni wọ́n ṣe wọ inú géèmù náà. Lójú wọn, ìtàn tí kò sí ọkọ̀ mìíràn nínú rẹ̀ dà bí ìgbà tí a pe ènìyàn síbi ìjàkadì, tí a wá jókòó ka ìtàn ìjàkadì fún un. Ẹ̀sùn mìíràn tí wọ́n fi kàn án ni pé bí ènìyàn bá ti tú àdììtú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó kù láti padà wá ṣe.

Ìhà kẹrin ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ Monkey Island dáadáa tí ìtàn náà kò sì tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n ní ó ń tọ́ka sí ohun tí àwọn ti mọ̀ lóòrèkóòrè: "Ẹ rántí eléyìí? Ẹ rántí tọ̀hún?" Wọ́n rántí o, ṣùgbọ́n ìrántí nìkan kò tó jẹ.

Ìhà kẹrin yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan ló fà á, gbogbo ẹni tó ní àkísà ni ì bá yọ̀.

Ibi Tí Ó Ti Yege àti Ibi Tí Ó Ti Kùnà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni kí ó dájọ́. Mo jókòó ti àwọn méjèèjì ní Kubwa títí tí iná fi lọ, mo sì padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ibi tí ìtàn náà ti yege jù ni ibi tó ti gba ẹni tí kò mọ nǹkan wọlé. Ìjà èébú wà nínú ẹ̀dà tuntun yìí náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ òfin rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìdí ni pé òfin yẹn ṣeé kọ́ láàárín eré fúnra rẹ̀. Kò béèrè pé kí o ti wà láyé ní ọdún 1990. Ẹ̀fẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. A mọ alẹ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, níbi tí ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ ti lè fi ẹnu ṣe ohun tí kùmọ̀ kò lè ṣe.

Ó tún yege nínú kókó ìtàn rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé àárò lè di pańpẹ́. Wọ́n fi akọni wọn sínú àlá dídùn, wọ́n sì ní kí a jí i. Ọlọgbọ́n ló ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí gan-an ni àbùkù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tó ń kìlọ̀ pé kí a má sùn sínú àlá, àyè ọ̀tọ̀ tí ìyọnu ayé kò dé ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn òkun mọ́ ìta, wọ́n wá ń sọ fún Guybrush pé kí ó jáde.

Àbùkù kejì kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni kan ṣoṣo tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ṣe àdììtú ọdún 1990 fún. Ọkọ̀ Sea of Thieves sì gba ènìyàn mẹ́rin. Nígbà tí mẹ́rin bá dé Mêlée, ẹni kan á ronú, á mú nǹkan lọ fún ẹni tó ń fẹ́ ẹ, àwọn mẹ́ta yòókù á sì máa wò ó. Nínú ọkọ̀, bí ẹni tó ń gbọ́n omi bá dáwọ́ dúró, gbogbo wọn á rì. Lórí Mêlée, bí ẹni mẹ́ta bá sùn lọ, ìtàn ń tẹ̀ síwájú. Ìyàtọ̀ yìí ló wà nídìí ẹ̀sùn pé ìtàn náà ń falẹ̀. Kì í ṣe pé ó falẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ ló ṣófo nínú rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ oògùn rẹ̀. Nínú àlọ́ àpagbè, apàlọ́ mọ ìtàn, àwọn ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n apàlọ́ kò jẹ́ kí wọ́n jókòó lásán. Ó fún wọn ní ègbè orin. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé láti ìlú mìíràn, tí kò gbọ́ àlọ́ ìjàpá rí, lè gbè é lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá dá orin náà. Bí wọn kò bá gbè é, àlọ́ náà kò lè lọ. Ègbè ni ìlẹ̀kùn tí ẹni tí kò ní ìrántí fi ń wọlé. Lójú mi, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bèèrè ibi tí àwọn yòókù wà, kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló ń wá. Ó ń bèèrè pé: ègbè tèmi dà?

Fágúnwà àti Olùgbọ́ Tí Kò Ní Àkísà

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Ìrìnàjò akọni kò ṣàjèjì sí wa. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, Àkàrà-ògùn lọ sínú igbó ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, lẹ́yìn náà ni ọba rán an pẹ̀lú àwọn ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹ̀bùn tirẹ̀ kò wúlò. Níbi tí agbára Kàkó kò ti lè ṣe nǹkan, ohùn orin Olóhùn-iyọ̀ lè ṣe é. Ọkọ̀ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ṣófo nínú rẹ̀ nìyẹn.

Fágúnwà tún ṣe ohun kan tí a kì í sábà kíyè sí. Ó fi olùgbọ́ sínú ìwé. Òǹkọ̀wé nìkan ló kọ́kọ́ jókòó ti Àkàrà-ògùn. Nígbà tí ìtàn ń tẹ̀ síwájú lójoojúmọ́, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ, èrò sì ń pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú èrò yẹn tó ti dé Igbó Irúnmalẹ̀ rí. Fágúnwà mọ̀ pé ẹni tí kò débẹ̀ rí ni òun ń pa ìtàn fún. Àwọn tó mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú náà mọ èyí. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Láńgbòdó, eyí tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977, níwájú àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá. Wọn kò sọ fún wọn pé, "Ẹ rántí?" Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ìrìnàjò náà síwájú wọn bí ohun tuntun.

Èmi olùkọ́ ńkọ́? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ọdún kejì pẹ̀lú ìwé yìí lọ́wọ́. Mo sọ bí bàbá mi ṣe ń kà á fún wa lálẹ́, bí ẹ̀rù ṣe ń bà wá láti jáde lọ tọ̀. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí wọ́n bí sí Gwagwalada, tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ṣé àwa ni ìwé yìí wà fún ni, àbí ẹ̀yin?" Mo dá a lóhùn pé ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn kò fẹ́ kàwé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ọmọ náà kò hùwà àìlọ́wọ̀. Ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ti ọmọ Kubwa ló bèèrè, mo sì fi èébú dá a lóhùn láìní èsì tó bá a mu.

Ohun Tí Èyí Sọ fún Wa Nínú Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìfàsẹ́yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Kí a fẹ́ ìpinnu yẹn, kí a kọ̀ ọ́, ohun kan dájú: òfin kò lè bá wa mú kí ọmọ fẹ́ràn ìtàn wa. Bí ọmọ kò bá rí àyè tirẹ̀ nínú ìtàn náà, yóò yege nínú ìdánwò, yóò sì ju ìwé sílẹ̀. Àwọn tí à ń kọ́ yìí náà ni yóò di olùkọ́ lọ́la. Kí ni wọn yóò fi kọ́ ẹlòmíràn?

Mo dábàá nǹkan mẹ́ta fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Èkíní, kí a tó gbé iṣẹ́ àtijọ́ kan wọ kíláàsì, kí a bi ara wa pé: bí a bá yọ ìrántí tiwa kúrò, kí ló kù tí yóò dùn mọ́ ẹni tó ń pàdé rẹ̀ lónìí? Nínú Fágúnwà, ohun tó kù pọ̀ lọ jàra. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èkejì, kí a wá ègbè fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo tún kọ́ ìwé yẹn, mo pín kíláàsì sí ikọ̀ ọdẹ. Ẹnìkan jẹ́ Kàkó, ẹnìkan jẹ́ Ìmọ̀dòye. Mo ka ìṣòro tí wọ́n bá pàdé, mo pa ìwé dé, mo ní kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ bọ́ níbẹ̀, ní Yorùbá, bí ó ti wù kí Yorùbá náà rí. Ikọ̀ kejì á ta ko wọn. Lẹ́yìn náà la ṣí ìwé láti wo ohun tí Fágúnwà ṣe. Àwọn kan bínú sí Fágúnwà pé ọgbọ́n tàwọn dára ju tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí ìbínú yẹn. Ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé jà ti wọ inú ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí a má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìta. Bí Rare ṣe gbé Mêlée kúrò lójú òkun, bẹ́ẹ̀ náà la máa ń gbé Yorùbá kúrò nínú ayé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. A ń sọ̀rọ̀ igbó fún ọmọ tó ń wọ kèkè láti Kubwa sí Zuba, a kì í sì í bi í pé irúnmọlẹ̀ wo ló ń pàdé lójú ọ̀nà tirẹ̀.

Ìkádìí

N kò sọ pé kí a sun àkísà níná. Bí ọ̀rẹ́ mi kò bá sí níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ọmọ náà ì bá ti pa géèmù náà tì kí ó tó dé ibi tó dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó dá a dúró kì í ṣe ìtàn tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ nípa ọ́fíìsì bàbá rẹ̀. Ó dúró nígbà tí wọ́n dé ibi ìjà èébú, tí ọ̀rẹ́ mi ń rántí àwọn èsì àtijọ́, tí ọmọ náà sì ń yàn nínú wọn èyí tó bá èébú tuntun mu. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọ̀rẹ́ mi ṣi èsì yàn, tí ọmọ náà sì mú èyí tó tọ́. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ kí a máa fi wọn ìtàn àárò nìyẹn, ìbáà jẹ́ ti ajalèlókun, ìbáà jẹ́ ti ọdẹ: ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àgbà tó rántí, ṣé iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fún ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Gwagwalada yẹn ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. N kò mọ bóyá ó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá níbi tó wà. Bí ó bá ń kọ́ wọn, tí ọmọ kan sì nawọ́ láti bi í léèrè ẹni tí ìwé náà wà fún, mo gbàdúrà pé kí èsì tirẹ̀ sàn ju tèmi lọ.